Pákó Tí Àbúrò Mi Fi Lù Mí ní Ashaiman

Ẹ fún mi láyè kí n fi ẹnu ara mi ròyìn ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nítorí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Wọ́n ní àbúrò mi fi pákó lù mí ṣubú ní Ashaiman, lẹ́bàá Accra. Òótọ́ ni. Ó lù mí. Pákó náà gùn tó ẹsẹ̀ mẹ́rin, èjìká ọ̀tún ló sì bà. Ìyókù ìtàn náà ni ẹ kò tíì gbọ́, èmi gan-an ni n kò sì jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí nígbà tó ṣẹlẹ̀. Philosophy ni mo kà ní yunifásítì. Lẹ́yìn náà mo fi ọdún méjìdínlógún ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Accra níbí, èyí tí àwọn òyìnbó ń náwó lé lórí. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí ọ́fíìsì náà ń ṣe? Ó ń gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú pé kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Èmi ni mo ń kọ ìròyìn rẹ̀. Mo kọ̀wé nípa káfíńtà, mo kọ̀wé nípa bíríkìlà, mo kọ̀wé nípa iṣẹ́ iná mànàmáná débi pé wọ́n gbé mi lọ sí òkè òkun lẹ́ẹ̀mejì láti lọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ní gbogbo ọdún yẹn, bí gílóòbù bá kú nílé mi, ìyàwó mi ló ń pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn òyìnbó rí nǹkan mìíràn tí wọ́n fẹ́ràn jù wá lọ. Wọ́n ti ọ́fíìsì pa, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní aago ògiri pẹ̀lú ìwé ìdúpẹ́. Aago tèmi kò ní bátìrì.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Síkírù fún yín.

Àbúrò mi ni, ìyá kan, bàbá kan. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jù ú lọ. Accra níbí ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Nígbà tí a wà ní kékeré, èmi ni mo ń bá a ṣe iṣẹ́ tí tíṣà bá gbé fún un wálé. Kò kàwé jìnnà kó tó sọ ìwé nù, ó lọ kọ́ iṣẹ́ iná lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Circle. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sì gbádùn àánú yẹn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún.

Ohun tí n kò gbádùn ni pé iṣẹ́ náà gbè é. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà: Inshallah Electrical Works. Mo fi í rẹ́rìn-ín títí. Ta ni yóò gbé wáyà ilé rẹ̀ fún ẹni tó ti kọ́kọ́ sọ pé bí Ọlọ́run bá fẹ́ ni iná á tàn? Gbogbo Accra ló gbé e fún un.

Ẹ sì rántí pé àsìkò dumsor ni, nígbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bí ọkọ tó níyàwó méjì ní àdúgbò méjì. Bí iná bá ti dé pẹ̀lú agbára jù, tó ba fíríìjì jẹ́, orúkọ Síkírù ni wọ́n ń pè. Ní ọjà Makola, níbi tí Ràmọ́tà ìyàwó mi ti ń ta aṣọ, “Master” ni wọ́n ń pe àbúrò mi. Èmi ni wọ́n ń pè ní “ẹ̀gbọ́n Master.”

Nínú ilé ara mi pàápàá, kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe tí kì í ṣe Síkírù ló sọ ọ́. Síkírù ní kí a má tètè tan fíríìjì bí iná bá dé. Síkírù ní sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí kò dára. Mo ti gbé ilé yẹn fún ọdún mẹ́rìndínlógún, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ tèmi, kó sọ pé “Bàbá Kúdí ní.”

Bí obìnrin bá ní nǹkan báyìí lọ́kàn, a máa ń sọ pé ó ń jowú. Bí ọkùnrin tó kàwé bá ní i, àníyàn ló ń pè é. Mo ṣe àníyàn gan-an lórí àbúrò mi. Mo máa ń fi òwe tu ara mi nínú pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Òwe yẹn kò purọ́. Mo ní táì mẹ́tàdínlógójì nínú àpótí.

Bí mo ṣe pinnu pé èmi náà á kọ́ iṣẹ́ iná nìyẹn. Mo sọ fún àwọn ènìyàn pé àgbà kì í kọjá ẹ̀kọ́. Ohun tó wà nínú mi gan-an ni pé ohun tí Síkírù lè kọ́ ní ọdún mẹ́rin, èmi á fi oṣù mẹ́rin kọ́ ọ.

Nígbà tí mo gbé obì àti mọ́ọ̀tì lọ bá a gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wọṣẹ́, ó rò pé mo ń ṣàwàdà.

“Bọ̀dá mi, ṣé èmi ni màá wá kọ́ yín níṣẹ́?”

Mo ní òun náà ni.

“Ó dáa. Àmọ́ ẹ gbé obì yẹn padà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí ojú tì mí díẹ̀díẹ̀.”

Ó gbé àga oníke fún mi. Níbẹ̀ ni ìṣòro mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé nínú ṣọ́ọ̀bù, bíi ti ìyàwó ilé ló rí: ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé. Ìyálé tèmi ni Abena, ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ti lo ọdún méjì níbẹ̀ ṣáájú mi. Síkírù máa ń pariwo mọ́ ọn láti àárọ̀ di alẹ́. Abena, ta ló ní kí o gba ibẹ̀ yẹn? Abena, tú u, tún un ṣe. Abena, ṣé o fẹ́ pa ènìyàn ni? Bó bá wá kan èmi, ohùn rẹ̀ á rọ̀. “Bọ̀dá mi, kò burú. Ẹ jókòó, ẹ sinmi.” Bí mo bá gbé wáyà gba ibi tí kò yẹ, á dúró dìgbà tí mo bá lọ kírun, á tú u, á tún un ṣe, kò ní sọ nǹkan kan.

Nínú oṣù márùn-ún, Abena ti lè wáyà yàrá mẹ́ta láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Èmi lè fi tẹ́sítà mọ ibi tí iná wà. Ẹ ó tan ara yín jẹ bí ẹ bá rò pé àbúrò mi nìkan ni mo ń jowú. Mo ń jowú Abena náà. Mo ń jowú ìbáwí tó ń gbà. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú yín ti jókòó rí, tó ń wo ẹlòmíràn bó ṣe ń jẹ èébú, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀?

Ọjọ́ Ashaiman yẹn wá dé. Alhaja Sàlámá, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyàwó mi ní Makola, kọ́ yàrá méjì kún ilé rẹ̀ níbẹ̀. Ó fẹ́ kí a so wáyà yàrá tuntun mọ́ ti ilé àtijọ́. Èmi àti Síkírù nìkan la lọ. Abena wà níbi iṣẹ́ mìíràn. Iná ti lọ láti àárọ̀.

Ṣé ẹ rántí pé wọ́n máa ń tẹ àtẹ àkókò dumsor sínú ìwé ìròyìn nígbà náà? Àdúgbò yìí yóò ríná láti aago báyìí sí aago báyìí? Mo gé tèmi, mo ká a sínú àpò àyà. Nínú gbogbo irinṣẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù yẹn, òun ni mo mọ̀ ọ́n lò jù lọ.

Síkírù ní, “Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ pa súìṣì ńlá.”

Mo ní kò sí ìdí. Mo tú ìwé mi, mo fi hàn án. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni iná yóò dé. Aago méjì ni a wà.

“Ìwé yẹn ò mọ iná, bọ̀dá mi. Iná ò sì mọ̀wé.”

“Ìwọ náà ìbá mọ̀ ọ́n ká ní o jókòó sí school.”

Ó wò mí. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà bà á níbi tí mo fẹ́ kó bà. Ó rọra gbé tẹ́sítà rẹ̀ sílẹ̀.

“Kò burú. Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí n yára lọ tọ̀.”

Ó jáde. Kí ni mo ṣe? Mo dìde lórí àga mi. Mo fẹ́ so wáyà náà tán kó tó padà, kó bá iṣẹ́ ní píparí, kó dúró síbẹ̀ bí mo ṣe ń dúró lójoojúmọ́. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún di wáyà tí a ti bó lára mú.

Aago méjì kọjá díẹ̀ ni iná dé.

Kò rí bí ẹ ṣe rò. Kò jù mí nù, ṣe ló dì mí mú. Ọwọ́ mi pa dé mọ́ wáyà, n kò lè ṣí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lẹ̀ pọ̀, n kò lè kígbe. Ohun tí mò ń gbọ́ ni ayọ̀. Gbogbo àdúgbò ń hó pé iná ti dé: “Light aba o! Light aba!” Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ láti ojúlé dé ojúlé. Mo rò ó lọ́kàn mi pé báyìí ni màá ṣe kú, tí gbogbo Ashaiman á máa jó sí i.

Pákó ni mo wá gbọ́. Ó bà mí léjìká, ó já mi kúrò lára wáyà, mo sùn gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì.

Alhaja Sàlámá àti àwọn ayálégbé rẹ̀ ti ń jáde bọ̀ láti yọ̀. Ohun tí wọ́n bá ni èmi nílẹ̀, Síkírù lórí mi, pákó lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Síkírù,” ni Alhaja wí, kò tilẹ̀ pariwo. “Ẹ̀gbọ́n rẹ?”

Síkírù wo ojú mi. Ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, n kò lè sọ ọ́. Ahọ́n mi wúwo. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ahọ́n mi fi tú, ìyẹn ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín. Mo dìde, mo gbọn eruku aṣọ mi, mo ki ọwọ́ ọ̀tún mi tó ń jó bọ àpò.

Mo ní, “Ẹ má dá sí i, Alhaja. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni.”

Síkírù la ẹnu, ó tún pa á dé. Bó bá ṣàlàyé, ó ní láti sọ lójú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn pé ẹ̀gbọ́n òun tó lọ yunifásítì gba ìwé ìròyìn gbọ́ ju súìṣì lọ. Kò lè dójú tì mí. Ó mọ̀ pé èmi lè dójú ti òun, nítorí mo ti ń ṣe é bọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkọ̀ trotro ṣáájú wa, ó dé Makola. Wọ́n ní Síkírù ti lówó débi tó ń na ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí, mo kàn ń mí ìmí ẹ̀dùn ni. Ẹ ò mọ bí ìmí ẹ̀dùn ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. N kò purọ́ kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn ń gbé wáákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, wá kí mi. Wọ́n ń pè mí ní Bọ̀dá Múfú, wọn kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n Master mọ́. Àwọn Yorùbá oníbàárà Síkírù bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní tàn yín jẹ.

Ràmọ́tà nìkan ni kò gbé nǹkan kan wá. Ọjọ́ kan ó gbé òkèlè bànkú kalẹ̀, ó dúró tì mí.

“Bàbá Kúdí, ta ní ń fi ṣíbí jẹ bànkú?”

Mo ní irin gbígbóná ló bà mí lọ́wọ́.

“Hmm. Irin.” Ó gbé omi ìfọwọ́ tí n kò lò kúrò níwájú mi.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n ní àsìkò yẹn, àwa Yorùbá àdúgbò wa ń kọ́ òkè sórí mọ́ṣáláṣí, Síkírù ni wọ́n sì ti fún ní iṣẹ́ wáyà rẹ̀. Ó ti ń retí iṣẹ́ yẹn láti ọdún pípẹ́. Bàbá wa wà lára àwọn tó po sìmẹ́ǹtì àkọ́kọ́ mọ́ṣáláṣí náà. Alhaji Salámì, àgbà tó ń bójú tó ilé kíkọ́ náà, wá bá mi nílé. Ó ní ẹni tó gbé pákó sókè sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní fọwọ́ kan ilé Ọlọ́run. Ó ní àwọn ti pe Síkírù fún ọjọ́ Sunday, kó wá tọrọ àforíjì, kí àwọn sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Múfútàù, o ti lo oṣù márùn-ún níbẹ̀. O tún kàwé. Ṣé o lè bá wa bójú tó o?”

Ọkàn mi fò sókè bí ẹyẹ. Ẹ fi ojú inú wò ó ná: èmi tó lè fi tẹ́sítà mọ ibi tí iná wà, tí n kò sì lò ó. Gbogbo ènìyàn á kírun lábẹ́ wáyà mi.

Mo ní, “Inshallah.”

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìrun Àìlá, a jókòó sórí ẹní ní àgbàlá mọ́ṣáláṣí. Alhaja Sàlámá wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ràmọ́tà jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Kí a tó kúrò nílé, ohun kan ṣoṣo ló sọ fún mi: “Ọwọ́ yín ni màá máa wò o, ẹnu yín kọ́.”

Síkírù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ti rù.

“Mo lu ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.”

“Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?” Alhaji Salámì ló bi í.

“Wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan.”

“Kí ló dé tí o fi lù wọ́n?”

Síkírù dákẹ́. Àyà rẹ̀ wà lórí eruku, kò gbé orí sókè. Gbogbo iṣẹ́ tó ti ń retí ń bọ́ lọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dákẹ́. Mo jowú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn pàápàá. Èmi ò ní lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láyé.

Alhaji yíjú sí mi. “Ó ti bẹ̀ ọ́. Gbé ọwọ́ lé e lórí, kí o ṣàdúrà fún un.”

Mo na ọwọ́ òsì.

“Ọwọ́ òsì, Múfútàù? Àdúrà?”

Kí ni kí n ṣe? Mo yọ ọwọ́ ọ̀tún lápò. Alhaji sún mọ́ mi, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó la àtẹ́lẹwọ́ mi sókè bí ẹni ń la ìwé. Ilà dúdú kan gba àárín rẹ̀ kọjá, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí wáyà. Àwọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wo ojú mi.

Mo wo Ràmọ́tà. Kò bínú. Ó kàn ń dúró, bí ẹni tó gbé omi kaná.

Mo sọ ọ́ nígbà náà. Mo sọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn, mo sọ èyí tí mo fi school gún un lára, mo sọ bí ọwọ́ mi ṣe dì mọ́ wáyà. Mo ní ká ní kò fi pákó lù mí, òkú mi ni wọn ì bá gbé wá kírun lé lórí níbí. Mo ní mo mọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, mo dákẹ́, nítorí ó dùn mọ́ mi pé òun ni wọ́n ń bú fún ìgbà àkọ́kọ́.

Alhaja Sàlámá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́.

“Pákó ni mo rí. N ò rí wáyà.”

Mo wá bi Síkírù léèrè ohun tó ti ń yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ yẹn. Báwo ló ṣe padà dé kíá bẹ́ẹ̀ láti ibi tó ti lọ tọ̀?

Ó ṣì wà nílẹ̀. “Mi ò lọ tọ̀, bọ̀dá mi. Súìṣì ni mo fẹ́ lọ pa, iná wá dé kí n tó dé ìdí rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ má mọ̀ ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí lára ju iná lọ.

Alhaji Salámì jókòó padà. Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Múfútàù, kí lo kà ní yunifásítì?”

“Philosophy, Bàbá.”

“Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?”

Ọdún mélòó nìyẹn, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹnì kankan kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí.

Ó wá dájọ́. Ó ní Síkírù ni yóò ṣe iṣẹ́ mọ́ṣáláṣí, èmi náà yóò sì bá a ṣe é, ní ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù. “Bí ẹ bá ti wọ ibi iṣẹ́, Síkírù lọ̀gá. Bó bá pariwo mọ́ ọ, a ti fún un láṣẹ. Bí ẹ bá jáde, ìwọ lẹ̀gbọ́n. Síkírù, ṣé o gbọ́? Bí o bá tún fi ìtìjú kọ́ ọ níṣẹ́, wàá pa á.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn kò gbé àga oníke fún mi. Mo gun àkàsọ̀. Mo gbé páìpù gba ibi tí kò yẹ. Síkírù dúró nísàlẹ̀, ó mí sínú, mo rí i bó ṣe ń kó agbára jọ.

“Bọ̀dá Múfú! Ta ló ní kí ẹ gba ibẹ̀ yẹn? Ẹ tú u!”

Mo tú u. Omi bọ́ lójú mi, mo ní eruku ni.

Ṣé owú náà ti tán? Rárá o. Lọ́jọ́ yẹn ó pariwo mọ́ Abena lẹ́ẹ̀mẹrin, ó pariwo mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan péré. Mo kíyè sí i.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò tóbi: owú kì í fẹ́ kí a parọ́, ó kàn fẹ́ kí a dákẹ́ lásìkò tó yẹ kí a sọ̀rọ̀ ni. Àbúrò mi dákẹ́ kí ojú má bàa tì mí. Èmi dákẹ́ kí ojú lè tì í. Gbogbo ènìyàn sì rò pé ọmọ ilé ire ni mí.

Ta ni ẹ̀yin ń jowú? Ta lẹ ti dákẹ́ lé lórí rí, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu yín ì bá gbà á sílẹ̀? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, màá kà á, ìyàwó mi náà á kà á. Èmi ti la àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó kù sọ́wọ́ yín.